Bí aláró Òṣogbo ṣe lè wẹ omi aró mọ́ kó tó dé odò

Ọmọ Òṣogbo kì í gbàgbé ìtàn bí ìlú ṣe gba orúkọ. Láròóyè àti Tìmẹ́hìn pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn ń ṣán igbó létí omi, igi kan wó lu odò, ohùn kan sì jáde láti ìsàlẹ̀ omi pé: Oṣó igbó, ẹ rọra o, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán. Aró ti wà láàárín ìlú yìí àti odò yìí kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé. Ṣùgbọ́n ewé èlú àti omi eérú ni aró ìgbà náà. Ohun tó pọ̀ jù nínú èyí tí à ń dà sí gọ́tà lónìí, kọ́sítíìkì ni, ìyẹn kẹ́míkà tó ń jó ara, háídírósì ni, ìyẹn lulú kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró wọ aṣọ, lulú àwọ̀ tí wọ́n ń rà lọ́jà ni.

Omi tí ẹ bá dà nù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí lẹ́yìn Ọjà Ọba kì í pòórá. Gọ́tà á gbé e fún odò kékeré, odò kékeré á gbé e fún Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun kan náà tó la igbó òrìṣà tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005 kọjá, òun náà ló ń ṣàn gba ọ̀nà Ẹdẹ lọ títí dé Aṣéjìrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fa omi mímu fún àwọn ará Ìbàdàn. Yorùbá ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ti omi aró kò rí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ló ń tẹ ilẹ̀ rẹ̀: ìyá tó ń fọṣọ nísàlẹ̀ odò, apẹja, àgbẹ̀ tó ń bu omi sí ẹ̀fọ́. Owó tó yẹ kí ẹni tó ra aṣọ san ni wọ́n ń bá a san. Àwọn tó ń wa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà ń sọ Ọ̀ṣun di omi ẹrẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn sì tóbi ju ti aláró lọ, ṣùgbọ́n èyí kò sọ omi tiwa di mímọ́.

Iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí kò ju agbára ilé aró kékeré lọ. Dúróòmù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, álọ́ọ̀mù, èédú, iyanrìn àti sùúrù ọjọ́ mẹ́rin ló gbà.

Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú omi náà, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn máa náwó sí álọ́ọ̀mù lásán. Lulú àwọ̀ tí àwọn aládìíre ń fi kọ́sítíìkì àti háídírósì pò kì í yòrò nínú omi lásán. Háídírósì ló ń gba afẹ́fẹ́ kúrò lára rẹ̀, kọ́sítíìkì ló ń jẹ́ kó yòrò. Ẹ wo báfù aró búlúù tó ti jinná: kò búlúù. Àwọ̀ ewé tó ń lọ sí àwọ̀ ìyeyè ni omi rẹ̀, awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń dán bí idẹ sì bo ojú rẹ̀. Ẹ fa aṣọ yọ, ẹ sá a sórí okùn. Lójú yín báyìí ni àwọ̀ ewé á máa ṣú, etí aṣọ á kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà ibi tó ká pọ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi di búlúù. Afẹ́fẹ́ ló padà wọ inú aró, aró wá gan mọ́ òwú, kò lè yòrò mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ lórí okùn yẹn gan-an la fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí omi tó ṣẹ́kù. Bí ẹ bá fún omi ní afẹ́fẹ́ dáadáa, aró inú rẹ̀ á di èérún wẹ́wẹ́ tí kò yòrò, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Háídírósì náà á kú. Bó ṣe ń kú lọ, ó ń gbé kọ́sítíìkì mì: bí ẹ bá lo háídírósì ìlọ́po méjì kọ́sítíìkì, afẹ́fẹ́ nìkan á ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́sítíìkì náà kí ẹ tó fi nǹkan kan sí i. Ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fò ó dá, fínígà tó ń pa kọ́sítíìkì ni yóò fi rà á padà.

Omi dídọ̀tí ń bẹ̀rẹ̀ látorí ìwọ̀n

Ohun tí ẹ kò bá fi sínú báfù, ẹ kò ní yọ ọ́ kúrò. Fún yáàdì 6 aṣọ òwú, tó jẹ́ nǹkan bíi kílò kan, ìwọ̀n tó tó rèé: lulú àwọ̀ gíráàmù 30, kọ́sítíìkì gíráàmù 30, háídírósì gíráàmù 60, omi gbígbóná lítà 10. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì, kí ẹ jáwọ́ nínú ṣíbí. Ṣíbí kan tó kún téńté lè gba ìlọ́po méjì èyí tó kún dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n kọ́sítíìkì àti ti háídírósì kò dọ́gba nínú ṣíbí kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé aró ti ń fi kọ́sítíìkì ṣòfò. Gbogbo gíráàmù 30 kọ́sítíìkì tí ẹ bá fi lé e tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe, ó máa gba fínígà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan kó tó rọ̀. Aró kò sì ní tìtorí rẹ̀ ṣú sí i.

Omi ni kó kọ́kọ́ wọ inú ike, kí kọ́sítíìkì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, yóò ta padà sí i lójú. Ẹ má lo ìkòkò álúmíníọ́mù, kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́, atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbiná. Ike tó nípọn tàbí báfù tánganran ló dára. Kí omi gbóná débi tí ọwọ́ kò fi ní lè gbà á, ṣùgbọ́n kó má hó, torí omi tó ń hó máa ń pa háídírósì kí aṣọ tó wọlé, ẹ ó sì tún máa bù kún un.

Lẹ́yìn yáàdì 6 àkọ́kọ́, ẹ má tíì da báfù nù. Ẹ fi háídírósì gíráàmù 20 àti kọ́sítíìkì gíráàmù 10 sí i, ẹ dé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí omi bá padà sí àwọ̀ ewé, aró ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi rẹ aṣọ tí ẹ fẹ́ kó fúyẹ́ lójú. Ọ̀pọ̀ aládìíre ló ń ta aró fífúyẹ́ yìí bí ọjà ọ̀tọ̀, oníbàárà sì ń béèrè rẹ̀. Bí omi kò bá yí padà, ó ti tán nìyẹn, ó di ti dúróòmù.

Ọ̀rọ̀ ààbò kan kí á tó kọjá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sọ́kàn. Ẹ má tọ́jú kọ́sítíìkì sínú ìgò mínírà tàbí ike omi rárá, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọdé tó bá gbé e mu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni yóò bó. Kí ó wà nínú ike tirẹ̀, kí ìdérí rẹ̀ le, kó wà lókè ibi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Bó bá ta sí yín lára tàbí lójú, omi púpọ̀ tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má fi epo pupa ra á, ẹ má fi fínígà sí i. Háídírósì ní tirẹ̀ kò fẹ́ ọ̀rinrin. Ṣíbí tútù kan nínú àpò rẹ̀ tó láti mú un gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi máa rú èéfín. Omi díẹ̀ tí ẹ bá wọ́n sí i á tún mú un le sí i ni. Orí pákó ni kó wà, kí ẹnu àpò rẹ̀ di dáadáa.

Omi ìṣànṣọ: báfù mẹ́ta dípò ẹ̀rọ tó ń ṣàn

Ẹni tó ń ṣan aṣọ lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ kì í mọ iye omi tó ń lò. Bí ẹ bá ṣan aṣọ kan nígbà mẹ́rin nínú lítà 20, lítà 80 ti lọ nìyẹn. Ẹ tò báfù mẹ́ta ní ẹsẹẹsẹ, lítà 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó ti yí àwọ̀ tán lórí okùn á kọ́kọ́ wọ báfù kìíní, á bọ́ sí ìkejì, á parí sí ìkẹta. Kí ẹ fún un dáadáa láàárín báfù kan sí èkejì, nítorí omi tí aṣọ bá gbé dání ló ń gbé ìdọ̀tí kiri.

Bí ti ìkìíní bá ṣókùnkùn, ẹ bù ú sílẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Omi ìkejì á di ìkìíní, ti ìkẹta á di ìkejì, omi mímọ́ tuntun á wọ ìkẹta nìkan. Omi inú kẹ́ẹ̀gì yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí tó yẹ ní dídànù o, òun ni ẹ ó fi po aró ọjọ́ kejì tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yàtọ̀. Ọgbọ́n kékeré yìí nìkan lè dín omi tó ń wọ dúróòmù yín kù sí ìdá mẹ́rin, dúróòmù tó sì ń kún lójoojúmọ́ ni kì í jẹ́ kí ènìyàn tọ́jú omi.

Dúróòmù

Ilé aró tó ń tú omi bíi lítà 60 sílẹ̀ lójúmọ́ á nílò dúróòmù oní-lítà 200 mẹ́ta fún afẹ́fẹ́ àti ìrọ̀sílẹ̀: ọ̀kan ń gba omi, èkejì ń gba afẹ́fẹ́, ẹ̀kẹta ń rọ̀. Ìkẹrin ni ti asẹ́. Kí wọ́n wà lábẹ́ ìbòrí kí òjò má kún wọn. Ike ló dára jù, irin á dípẹtà. Ẹ gé òkè rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ sì kan ẹnu ẹ̀rọ sí i lára níwọ̀n ìka mẹ́rin sókè ìsàlẹ̀, kí omi tó mọ́ lè jáde láì fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́ra.

Kí ó má kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Omi aró nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Omi ọṣẹ àti omi tí ẹ fi bọ àbẹ́là tí ẹ fi ya ọnà kúrò lára aṣọ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, ọ̀rá inú wọn máa ń gbé èérún aró léfòó, kò ní rọ̀. Ẹ fi igi gígùn ro omi náà fún ìṣẹ́jú 10, ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ro ó kó hó. Kì í ṣe bíi kí ẹ yí ọbẹ̀ po. Ẹ fi garawa bù ú sókè, ẹ dà á padà láti òkè. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ẹja lè fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ dípò ìrò.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tó? Òórùn imí-ọjọ́ á ti lọ. Àwọ̀ ewé kò ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ gbé e síta ní oòrùn: bó bá ti pé, ẹ ó rí èérún wẹ́wẹ́ bí lẹ́búlẹ́bú èédú tó ń rìn nínú omi, tí yóò sì máa lọ sísàlẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bí omi bá mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì ní àwọ̀ ìyeyè tàbí ti ewé, háídírósì kò tíì kú, ẹ padà sórí ìrò.

Ẹ má fi fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí álọ́ọ̀mù sí omi tí háídírósì ṣì wà nínú rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, ó ń fún àyà pinpin, ẹni tó ní ikọ́ fée lè dákú sí i. Ìdí tí ọjọ́ mẹ́ta náà fi ṣe dandan nìyẹn.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ṣiṣẹ́ tán, a ó wo bí kọ́sítíìkì tó ṣẹ́kù ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá rí bébà pH rà, èyí tó ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kọ́sítíìkì ṣì wà nínú rẹ̀, kó rà á, 6 sí 8 là ń wá. Ẹni tí kò bá rí i, zóbò ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ bọ ìkúnwọ́ zóbò gbígbẹ kan nínú ife omi méjì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ bu omi dúróòmù tí aró rẹ̀ ti rọ̀ sínú ife tó mọ́ gaara, kó tó ìdajì, ẹ fi ṣíbí kan omi zóbò sí i. Ẹ ṣe bákan náà sí omi kànga tó mọ́ nínú ife kejì, kí ẹ fi wé ara wọn. Bó bá pọ́n, omi ti kan jù. Bó bá rí bíi ti omi kànga, tàbí tó jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ó ti dára. Bó bá di àwọ̀ ewé, kọ́sítíìkì ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá di ìyeyè, ó pọ̀ gan-an, ìwọ̀n tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ padà lọ wò.

Fínígà ni ẹ ó fi rọ̀ ọ́. Ife kan ní ẹ̀ẹ̀kan náà, ẹ rò ó, ẹ tún dán an wò. Ẹ má lo omi bátìrì mọ́tò, pàápàá èyí tó ti inú bátìrì àlòkù jáde. Òjé wà nínú rẹ̀, òjé kò sì ní kúrò nínú omi tàbí nínú ilẹ̀ mọ́ láyé yín. Álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ń kan díẹ̀, nítorí náà bó bá ku díẹ̀ kó bá ti kànga mu, ẹ dúró, álọ́ọ̀mù á parí rẹ̀. Ẹni tó bá ju álọ́ọ̀mù sínú omi tí kọ́sítíìkì pọ̀ nínú rẹ̀ á rí i pé kò dì rárá, ṣe ni yóò yòrò lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé álọ́ọ̀mù kì í ṣiṣẹ́ fún omi aró.

Ìwọ̀n álọ́ọ̀mù, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ́ gíráàmù 10 sínú lítà omi mímọ́ kan. Ẹ bu lítà kọ̀ọ̀kan omi aró sínú ìgò mẹ́ta. Ẹ fi omi álọ́ọ̀mù mílílítà 50 sí ìkìíní, 100 sí ìkejì, 150 sí ìkẹta. Ẹ mì wọ́n kíkankíkan fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ máa yí wọn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ gbé wọn kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Nínú ìgò tó bá dára, ẹ ó rí òwú kéékèèké tó ń gbá ara wọn jọ, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ògì inú omi, omi tó sì wà lókè á mọ́ débi tí ẹ ó fi lè ka ìwé ìròyìn ní ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú èyí tó bá mọ́ ni ẹ ó mú. Bó bá jẹ́ ti ìkìíní, álọ́ọ̀mù gíráàmù 50 ni fún lítà 100, ìkejì, 100, ìkẹta, 150. Bí kò bá sí èyí tó mọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tún fi zóbò dán omi wò kí ẹ tó bù kún álọ́ọ̀mù.

Ẹ kọ́kọ́ yọ́ álọ́ọ̀mù tó máa wọ dúróòmù nínú omi kí ẹ tó dà á sí i, ẹ rò ó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú méjì, jẹ́jẹ́ fún 10, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ẹ má fọwọ́ kàn án láàárín ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ń ro ó kiri nítorí pé kò tíì mọ́ ló ń fọ́ òwú náà.

Asẹ́ èédú

Ẹ kan ẹnu ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ dúróòmù ìkẹrin. Ẹ tò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: òkúta wẹ́wẹ́ tó tó ẹ̀kúrọ́, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, èyí tó kéré sí i bí èso àgbàdo, 5, èédú tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, 20, iyanrìn odò tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa, 35. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 á ṣẹ́kù lókè. Ẹ fọ èédú títí omi rẹ̀ kò fi ní dú mọ́, kí ẹ tó tò ó, ẹ sì tẹ́ aṣọ àpò gàrí sáàárín èédú àti òkúta kí èédú má bàa jábọ́ sínú ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ gbé pákó tí ẹ dá lu sórí iyanrìn kí omi tí ẹ ń dà má gbẹ́ ihò sí i.

Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀ kó máa kán bí okùn tín-ínrín. Omi tó bá sáré kọjá kò gba nǹkan kan sílẹ̀. Bí omi bá wá ń lọ́ra jù, ẹ fi ọwọ́ há òkè iyanrìn kúrò níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ fi tuntun rọ́pò. Bí àwọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nísàlẹ̀, èédú ti kún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èédú àlòkù náà kò gbọ́dọ̀ dé inú ààrò oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa aró mìíràn. Aró tí wọ́n ń fi omi tútù, iyọ̀ àti sódà pò, tí kì í lo háídírósì, kì í di èérún bó ti wù kí ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ tó. Álọ́ọ̀mù kì í gbé púpọ̀ nínú rẹ̀, èédú ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, èédú náà kì í sì pẹ́ kún. Ẹ má da omi rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti kọ́sítíìkì. Ní tiwa, ilé aró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kò yẹ kó máa lò ó rárá, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dán tó.

Ibi tí omi ń lọ, ibi tí ẹrẹ̀ ń lọ

Kí omi tó jáde kúrò lọ́gbà, ẹ fi ẹ̀wà dán an wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ to ẹ̀wà 20 sórí aṣọ òwú tó tutù nínú àwo kan, fi omi tí ẹ ti wẹ̀ rẹ ẹ́. 20 mìíràn nínú àwo kejì, fi omi mímọ́ rẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ ka èyí tó hù. Bí ti omi mímọ́ bá hù 18, tí ti omi aró hù 16, ẹ ti ṣe dáadáa. Bó bá hù 9, nǹkan kan ṣì wà nínú omi náà tí ojú yín kò rí.

Omi tó ti jáde láti asẹ́ dára fún ìṣànṣọ àkọ́kọ́, fífọ ilẹ̀ ilé aró, àti ṣíṣan ilé ìyàgbẹ́. Ẹ má fi bomi rin ẹ̀fọ́ tàbí tòmátì. Iyọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀: afẹ́fẹ́, álọ́ọ̀mù àti èédú, kò sí èyí tó lè mú un kúrò, bó bá sì ń wọ ilẹ̀ kan náà lóṣooṣù, ilẹ̀ náà á le bí àpáta. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ mu omi náà, kó gbẹ́ kòtò olókùúta sí ibi tó jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, ti aládùúgbò náà wà nínú kíkà.

Ẹrẹ̀ tó dì sí ìsàlẹ̀ dúróòmù, ẹ bù ú sórí pákó tí ẹ fi ọ̀rá tó nípọn tẹ́, lábẹ́ òrùlé. Nígbà tó bá sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kó o sínú àpò onílọ́po méjì, ẹ so ó, ẹ kọ "ẹrẹ̀ aró" sí i lára, kí ẹ fi lé àwọn akólẹ̀ tó gba ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn. Ẹ má sun ún, ẹ má sì dà á sóko.

Àbẹ́là rọrùn ju gbogbo èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí omi tí ẹ fi bọ aṣọ tutù di ọjọ́ kejì, àbẹ́là á dì lójú omi bí ọ̀rá ọbẹ̀ ẹran, ẹ gbé e kúrò, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tún un lò fún ọnà tí kò béèrè ìlà tín-ínrín. Èyí tó bá dé gọ́tà á dì síbẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí omi òjò gba ojúlé àwọn èèyàn. Fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ yọwọ́ òkúta búlúù kúrò nínú ẹ̀kọ. Idẹ pupa inú rẹ̀ ń pa ẹja. Álọ́ọ̀mù díẹ̀ àti ẹ̀kọ tuntun tí ẹ ń rò ní ìwọ̀nba ìlò ọjọ́ méjì kì í kan, ẹ̀kọ tí ẹ bá sì há kúrò lára aṣọ á ṣeé dà sí ààtàn ewé.

Owó rẹ̀, àti ohun tí ẹ ń sọ fún oníbàárà

Ẹ ní ìwé kan fún omi nìkan. Ẹ kọ owó álọ́ọ̀mù, fínígà, èédú àti ti ọmọṣẹ́ tó ń ro dúróòmù sí i. Ká ní ó jẹ́ ₦12,000 lóṣù, tí ẹ ń pa yáàdì 240 láró, ₦50 ló kan yáàdì kan, aṣọ yáàdì 6 á fi ₦300 lé. Ẹ fi lé e, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Bí ilé aró kékeré bíi mẹ́rin bá wà ládùúgbò kan, ẹ lè dá owó jọ bí àjọ, kí ẹ jọ ní dúróòmù àti asẹ́ kan, kí ẹnì kan pàtó máa bójú tó o. Iṣẹ́ gbogbo ayé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, òun ló sì ń jẹ́ kí dúróòmù àjọni kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Má pe aṣọ tí o fi lulú pa ní àdìrẹ èlú. Irọ́ tó wọ́pọ̀ jù nínú òwò yìí nìyẹn, ó sì ń pa àwọn ìyá tó ṣì ń fi ewé èlú àti omi eérú ṣiṣẹ́ lára, torí iye ọjọ́ tó ń gbà wọ́n kò jọra. "Lulú ni mo fi pa á, mo sì wẹ omi rẹ̀ kó tó jáde" jẹ́ gbólóhùn tó tó tà fún oníbàárà tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí òkè òkun, bí ẹ bá lè mú un dé ibi tí dúróòmù wà. Àwọn oníléeṣẹ́ ńlá ní òfin tiwọn: ìlànà NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, ti ọdún 2009 fún aṣọ àti awọ wà nílẹ̀, pH tí wọ́n sì ń béèrè nínú omi tó ń jáde ni 6 sí 9. Ilé aró tó tẹ̀ lé ohun tó wà lókè yìí kò ní bẹ̀rù ẹni tó bá wá wọn pH omi rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ni ìdánwò ńlá. Ọdún Ọ̀ṣun dé, ibi gbogbo ń béèrè aṣọ, òjò náà sì wà nílẹ̀. Àwọn kan máa ń dúró de òjò kí wọ́n tó tú dúróòmù, kí àgbàrá bá wọn gbé e. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó wá sí odò ń bu omi Ọ̀ṣun mu, tí wọ́n ń fi wẹ ọmọ. Láti ìparí oṣù Keje ni kí ẹ ti wá dúróòmù kan kún ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ gba aṣọ tó bá agbára ìrò yín mu, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà tó pẹ́ dé pé ọjọ́ mẹ́rin ni omi rẹ̀ máa gbà lẹ́yìn tí aṣọ bá ti gbẹ.